Òbí tàbí Alágbàtọ́

Ọkọ̀ Délé ló kọ́kọ́ ba ọjọ́ náà jẹ́. Aago méje àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì kò tíì lù tí ó fi ti Ìkọ̀lé wà á dé iwájú ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Ìfàkì, tí ó gbé e sí ibi tí àwọn oníbàárà ń gbà wọlé gan-an. Kíá ni àdúgbò ti yí i ká, wọ́n ń kí i kú oríire ọkọ̀ tuntun, wọ́n ń fọwọ́ pa á lára bí ọmọ jòjòló. Akínwùmí, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, wà lẹ́yìn káńtà, ó ń wọn ṣúgà fún obìnrin kan. Ó wọ̀n ọ́n títí ó fi dà sílẹ̀, nítorí ojú rẹ̀ kò sí lára ṣúgà.

Ẹ má tètè dá a lẹ́bi. Òun ni àkọ́bí, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́ta, òun ló sì ń jókòó ti ṣọ́ọ̀bù tí Ògúnrìndé bàbá wọn fi sílẹ̀ lọ: mílíìkì, ọṣẹ, ṣúgà, iyọ̀, ìṣó, kẹrosíìnì. Délé ni wọ́n rán lọ sí yunifásítì. Délé ló ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé-ìwé gíga ní Ìkọ̀lé. Ohun rere tó bá ti wọlé Délé, Akínwùmí kì í rí i bí ohun tí Ọlọ́run fún un. Lójú tirẹ̀, inú abọ́ òun ni wọ́n ti bù ú.

Ọkọ̀ nìkan kọ́ ló dé ní àárọ̀ yẹn. Ìjọba fẹ́ gba tíṣà. Ìdùnnú ọmọ Akínwùmí kọ orúkọ sílẹ̀, Ṣọlá ọmọ Délé náà sì kọ tirẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ dé iwájú àwọn tó ń gbani síṣẹ́ ní Adó lọ́jọ́ Ajé gbọ́dọ̀ mú ìwé ẹ̀rí ọmọ-ìlú dání, kánsù kò sì ní fún ẹnikẹ́ni ní ìwé náà àfi tí olórí agbo-ilé rẹ̀ bá buwọ́ lu fọ́ọ̀mù. Ìlú tí wọ́n bí ọ sí, tí o ti ń san owó ìdàgbàsókè, tí o ti ń dìbò, tí o sin bàbá rẹ sí, gbogbo ìyẹn kò tó. Ó di dandan kí bàbá arúgbó kan fi báírò jẹ́rìí pé o kì í ṣe àjèjì. Irú òfin báyìí, ẹni tí kò ní ọ̀tá kì í mọ̀ pé ó wà.

Bàbá Fádèyí ni olórí agbo-ilé tiwọn. Ní ìrọ̀lẹ́ àná, ó buwọ́ lu ti Ṣọlá láìdìde lórí àga, kò béèrè ohunkóhun. Ó dá ti Ìdùnnú padà sí i lọ́wọ́. Ó ní wọ́n ti sọ nǹkan kan sí òun létí, ó ní kí bàbá rẹ̀ mú ẹ̀rí wá pé ọmọ Ògúnrìndé ni òun. Ìwé ìrìbọmi ni o, ìwé ilé-ìwé ni o, ohunkóhun tí orúkọ bàbá bá wà nínú rẹ̀. Bí ọmọ náà ṣe ń kúnlẹ̀ dìde ló tún pa á lówe pé ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sí ìdí ọmọ ẹlòmíràn. Ìdùnnú kò sùn dáadáa. Kánsù yóò sì ti ìlẹ̀kùn ní aago mẹ́rin ọ̀sán òní.

Ní ẹ̀yìnkùlé, Wúràọlá, ìyàwó Akínwùmí, ń bẹ iṣu. Iyán Délé ni. Àbúrò ọkọ kì í ti ọ̀nà jíjìn wá kó wá jẹ gààrí; bó ṣe wà nìyẹn, kò sì sí ẹni tó bi í léèrè bóyá inú rẹ̀ dùn sí i. Ó ń bẹ iṣu, ó ń sọ̀rọ̀. Ó ní ta ni yóò tún sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ní agbo-ilé bí kò ṣe Bùkúnmi ìyàwó Délé, ẹni tí ojú rẹ̀ ti wà lára ṣọ́ọ̀bù láti ọjọ́ tó ti wọlé ọkọ. Ó ní ẹran mẹ́rin ló wà nínú ọbẹ̀, òun yóò fi méjì sórí iyán Délé kí wọ́n má sọ pé òun láhun, ṣùgbọ́n eegun ni méjèèjì yóò jẹ́. Akínwùmí ní kó rọra, ó ní Délé wà ní pálọ̀.

"Kó gbọ́," ni Wúràọlá ní. Ó gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. "Bàbá Ìdùnnú, ẹ sọ fún mi. Ṣé ọmọ Ògúnrìndé ni yín, àbí ẹ kì í ṣe ọmọ rẹ̀?"

Akínwùmí wo ìyá rẹ̀. Ìyá arúgbó náà, tí gbogbo ilé ń pè ní Yèyé, jókòó sórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà, ó ń ṣa ẹ̀wà. Ó ti lé díẹ̀ lẹ́ni ọdún márùndínlọ́gọ́rin, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ ṣì ń gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ nínú yàrá kẹta. Kò gbé ojú sókè. Ó rí òkúta kan nínú ẹ̀wà, ó jù ú sẹ́yìn, ó ń ṣa á lọ.

Ṣọ́ọ̀ṣì ni Akínwùmí kọ́kọ́ gbà lọ. Akọ̀wé ìjọ gbé ìwé ìrìbọmi àtijọ́ kalẹ̀ fún un, ìwé ńlá tí kòkòrò ti jẹ létí. Orúkọ Délé kò ṣòro rí. Ó wà níbẹ̀ gbáà, ọdún 1974, orúkọ bàbá, orúkọ ìyá, bàbá ìsàmì méjì tí ọ̀kan nínú wọn jẹ́ olóyè. Àní nínú ìwé pàápàá, Délé ní ènìyàn. Akínwùmí kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó sì dùn ún bí ìgbà tí wọ́n bá jẹun lánàá tí wọn kò pè é. Wọ́n ṣí ti ọdún 1969, wọ́n ṣí ti 1970, wọ́n ṣí i títí kan ti ọdún tí Délé ṣe ìrìbọmi. Orúkọ tirẹ̀ kò sí. Akọ̀wé ní bóyá ìlú mìíràn ni wọ́n ti rì í bọmi. Akínwùmí bi í pé ìlú wo. Akọ̀wé kò mọ̀.

Ó kọjá sí ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí òun àti àbúrò rẹ̀ jọ lọ. Ọ̀gbẹ́ni Gbọ́láhàn, tó jẹ́ hẹdimásítà báyìí, máa ń ra bisikí lọ́wọ́ rẹ̀, kò jẹ́ kó dúró pẹ́ kó tó gbé rẹ́jísítà àtijọ́ jáde. Nínú ìwé náà, àyè kan wà tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ sí pé Òbí tàbí Alágbàtọ́. Láyé ìgbà yẹn, tíṣà yóò fa ìlà kọjá lórí ọ̀kan nínú méjèèjì. Bó bá jẹ́ bàbá ọmọ ló mú un wá, yóò fagi lé Alágbàtọ́. Bó bá jẹ́ ẹlòmíràn, yóò fagi lé Òbí. Wọ́n wo ti Délé, wọ́n ti fagi lé Alágbàtọ́. Wọ́n wo ti Akínwùmí. Ìlà gbọọrọ kan dúró lórí Òbí, tíṣà náà sì tẹ báírò rẹ̀ mọ́lẹ̀ dáadáa. Orúkọ kan náà ló tẹ̀lé méjèèjì, Ògúnrìndé, oníṣọ́ọ̀bù. Létí ìwé, wọ́n kọ ọ́ wínníwínní: Wo ìwé kóòtù, Ìdó, 1970.

Ọ̀gbẹ́ni Gbọ́láhàn bọ́ ìgò ojú rẹ̀, ó ń nù ún. Ó ní òjò ọdún yìí kò tètè dé. Akínwùmí ní bẹ́ẹ̀ ni, kò tètè dé.

Kò sunkún. Ohun tó kọ́kọ́ sọ sí i lọ́kàn lórí ọ̀kadà tó ń gbé e lọ sí Ìdó ni pé owú tí òun ti ń jẹ láti kékeré kò já sí asán: wọ́n mọ̀ pé òun kì í ṣe ọmọ, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi rán ọmọ lọ sí yunifásítì, tí wọ́n fi òun sí ìdí kẹrosíìnì. Ohun kejì ni pé Délé ti mọ̀. Èyí ló gbóná jù nínú méjèèjì.

Akọ̀wé tó bá ní kóòtù ìbílẹ̀ náà, ọ̀dọ́bìnrin kan tó ń jẹ́ Ayọ̀mikún, tú àpótí irin kan fún wákàtí kan gbáko kó tó rí ìwé ẹjọ́ ọdún náà. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́. Gẹ̀ẹ́sì Akínwùmí kò kọjá ohun tó wà lára páálí mílíìkì, nítorí náà Ayọ̀mikún ń kà á, ó ń túmọ̀ rẹ̀ fún un.

Àgbẹ̀ kan láti Orin ló pẹjọ́. Ó ní Ìbídùn ìyàwó òun kó jáde nílé òun pẹ̀lú oyún oṣù mẹ́ta, ó lọ bá Ògúnrìndé oníṣọ́ọ̀bù ní Ìfàkì, ibẹ̀ ló bí ọmọkùnrin sí, òun lòun sì ni oyún náà. Wọ́n bi Ìbídùn. Kò jiyàn. Ó ní òótọ́ ni, ó ní lílù ni òun sá fún. Ní gbogbo ìgbà tí Ayọ̀mikún bá pe Ìbídùn, ńṣe ni Akínwùmí ń tẹjú mọ́lẹ̀, nítorí kò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni pe ìyá rẹ̀ ní orúkọ yẹn rí láti ọjọ́ tí bàbá ti kú.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n bi Ògúnrìndé. Ohun tó sọ kò gùn nínú ìwé. Ayọ̀mikún kọ́kọ́ kà á sínú, kó tó sọ ọ́ síta. "Ó ní, 'Mo mọ ẹni tó ni oyún. Ṣùgbọ́n ọwọ́ mi ni wọ́n gbé ọmọ yìí lé nígbà tó kọ́kọ́ ké. Bó bá jẹ́ owó ìdána rẹ̀ ló ń wá, kó ka iye rẹ̀. Bó bá jẹ́ ọmọ ló ń wá, ẹ tì mí mọ́lé.'"

Kóòtù ní kí ará Orin mú ọ̀kan, ọmọ tàbí owó ìdána. Ó mú owó. Lábẹ́ ìdájọ́ náà, Fádèyí, bàbá tó bí Bàbá Fádèyí ti òní, tó jẹ́ olórí agbo-ilé nígbà náà, tẹ àtàǹpàkò pé ilé àwọn gba ọmọ náà ní ọmọ. Àmì ìka rẹ̀ ṣì dúdú.

Ayọ̀mikún ṣe ẹ̀dà ìwé náà, ó lu òǹtẹ̀ kóòtù lé e, ó fi í sínú ẹńfílóòpù. Akínwùmí jáde, ó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì bí ẹni tí kò mọ apá ibi tí ilé wà. Ẹ̀rí ti dé ọwọ́. Kò sí bí Bàbá Fádèyí ṣe lè sẹ́ àtàǹpàkò bàbá rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ka ìsàlẹ̀ ìwé yóò ka òkè rẹ̀: Ìbídùn, oyún oṣù mẹ́ta, ará Orin, lílù. Kí ilẹ̀ tó ṣú, yóò ti dé etí Bùkúnmi. Bó bá di ọjọ́ Ìsinmi, wọn yóò máa wo Yèyé láti ẹ̀yìn bó ṣe ń wọ ṣọ́ọ̀ṣì. Tí kò bá sì fi í hàn, iṣẹ́ Ìdùnnú lọ nìyẹn. Aago kan ti kọjá.

Nígbà tó fi délé, ọlọ́kadà tó gbé e lọ ti ṣáájú rẹ̀ dé, ìròyìn sì ti tàn. Ìyá Tóbi, télọ̀ tó wà ní ọ̀ọ́kán, ti sọ fún gbogbo ẹni tó wá gba aṣọ pé Akínwùmí ti lọ pe àbúrò rẹ̀ lẹ́jọ́ ní Ìdó nítorí ṣọ́ọ̀bù. Wọ́n ní a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Wọ́n ní owú ọkùnrin yẹn ti pọ̀ jù, ọkọ̀ tuntun ló kó bá a. Àwọn tó ń fọwọ́ pa ọkọ̀ náà lára láàárọ̀ ló ń sọ bẹ́ẹ̀.

Délé wà nídìí iyán ní pálọ̀. Òun náà ti gbọ́ ti kóòtù, òkèlè rẹ̀ sì ti kéré sí i, ṣùgbọ́n kò béèrè. Wúràọlá béèrè. Akínwùmí ní òun kò rí nǹkan kan níbẹ̀. Wúràọlá wò ó títí, ó gbé ọmọ odó, ó lọ jù ú sí ẹ̀yìnkùlé, gbogbo ilé gbọ́ ọ. Ìdùnnú jókòó sórí àpò iyọ̀, fọ́ọ̀mù rẹ̀ wà nínú náílọ̀n lórí itan rẹ̀. Ó ní kò burú, ó ní òun lè máa bá bàbá òun ta ọjà. Ó sọ ọ́ pẹ̀lú ẹ̀rín, ẹ̀rín yẹn ló sì wọ bàbá rẹ̀ lára ju ariwo ọmọ odó lọ.

Yèyé gbé igbá ẹ̀wà sílẹ̀. Ó di ọwọ́ mú lára ìlẹ̀kùn, ó dìde.

"Akínwùmí, kóòtù Ìdó lo ti ń bọ̀. Ùwé ọ̀ún ń bẹ lápò rẹ."

Akínwùmí ní kò sí ohun tó ń bẹ níbẹ̀.

"Mú mi dé ulé Fádèyí," ni ìyá rẹ̀ ní.

Délé ló fọ ọwọ́, ó ní ọkọ̀ wà níta. Iwájú ni Yèyé jókòó sí. Akínwùmí àti Ìdùnnú wà lẹ́yìn. Láti ẹ̀yìn, Akínwùmí rí i bí Délé ṣe tẹ̀ síwájú tó di bẹ́líìtì fún ìyá wọn, tó tún rọra fa gèlè rẹ̀ kúrò lábẹ́ rẹ̀. Pẹ̀lú gbogbo ohun tó wà lápò rẹ̀ lọ́jọ́ náà, ó ṣì jowú ìyẹn.

Bàbá Fádèyí wà ní ìloro, ẹsẹ̀ rẹ̀ wà lórí àpótí. Àwọn obìnrin ilé mẹ́ta ń bó ẹ̀gúsí nítòsí rẹ̀. Wọ́n kúnlẹ̀ kí Yèyé, wọ́n padà sídìí ẹ̀gúsí wọn, ọwọ́ wọn sì ń lọ díẹ̀díẹ̀ nítorí etí. Aago mẹ́ta ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Bàbá Fádèyí béèrè ẹ̀rí. Ọwọ́ Akínwùmí wà lápò, kò jáde.

"Akínwùmí," ni Yèyé pè é. "Ọdún márùndínlọ́gọ́ta ni mo fi gbé e. Ó ti tó mi. Mú un jáde."

Bàbá Fádèyí gba ìwé náà, ó gbé e súnmọ́ ojú, ó gbé e jìnnà. Ojú rẹ̀ kò gbà á. Ó nà án sí Délé, ó ní ẹni tó kàwé ni, kó kà á sí wọn létí.

Délé bẹ̀rẹ̀ sí í kà á, ó ń túmọ̀ rẹ̀ bí ẹni tó wà níwájú àwọn ọmọ kíláàsì. Nígbà tó dé orúkọ ìyá rẹ̀, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. Nígbà tó dé oyún oṣù mẹ́ta, ó dákẹ́. Kò sí ẹ̀gúsí kan tó tún dún.

"Kà á, Délé," ni Yèyé ní. "Kà á dópin."

Ó kà á. Ó ka lílù. Ó ka ọ̀rọ̀ bàbá rẹ̀ pé ọwọ́ òun ni wọ́n gbé ọmọ lé nígbà tó kọ́kọ́ ké, pé kí wọ́n ti òun mọ́lé. Ibẹ̀ ni omi ti bọ́ lójú rẹ̀, kò sì nù ún. Ó ka ará Orin tó mú owó. Ó ka Fádèyí, ó sì na ìwé náà padà sí Bàbá Fádèyí, ó fi ìka tọ́ka sí ibi tí àtàǹpàkò wà. Bàbá arúgbó náà fi ìka tirẹ̀ lé e lórí, ó sì fi í síbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Òwe ìlẹ̀kẹ̀ tó pa lánàá kò jáde lẹ́nu rẹ̀ mọ́.

Yèyé ló tún sọ̀rọ̀. Ó ní nítorí ẹjọ́ yẹn ni wọn kò fi ri ọmọ bọmi. Ìjọ ní kí ẹjọ́ parí ná, nígbà tó sì parí, ojú ti òun láti padà lọ bẹ̀ wọ́n. Ó wo àwọn obìnrin tó ń bó ẹ̀gúsí lójú, lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀kan lára wọn dìde lọ gbé omi wá fún un. Bàbá Fádèyí ń wá báírò kiri abẹ́ tìmùtìmù àga rẹ̀.

Ìdùnnú gun ọ̀kadà lọ sí kánsù. Ó bá wọn níbi tí wọ́n ti ń wá kọ́kọ́rọ́ tí wọn yóò fi ti ìlẹ̀kùn, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní òun kò ní lọ, wọ́n sì lu òǹtẹ̀ náà fún un pẹ̀lú èébú. Nígbà tó délé, Wúràọlá kọ́kọ́ gba ìwé ọmọ-ìlú lọ́wọ́ rẹ̀, ó kà á, ó ní kó sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ nílé Fádèyí fún òun, ó sì wọ ilé ìdáná lọ. Ẹran méjì tó kù nínú ọbẹ̀, èyí tí kì í ṣe eegun, ó gbé méjèèjì sórí iyán Yèyé. Yèyé jẹ ẹ́ tán.

Ìrọ̀lẹ́ ti ń lọ, Délé kò tíì lọ sí Ìkọ̀lé. Ó dúró níwájú káńtà bí oníbàárà tó gbàgbé ohun tó fẹ́ rà.

"Bọ̀ọ̀dá, èmi ni mo sọ ọ́ fún Bùkúnmi," ló ní. "Mo gbọ́ ọ nígbà tí mo wà ní kékeré, mi ò bi ẹnikẹ́ni. Ṣọ́ọ̀bù yìí ló ń dùn mí. Ẹ̀yin àti Bàbá jọ ń wà níbí láti àárọ̀ dalẹ́, ẹ jọ ń rẹ́rìn-ín. Èmi, owó ilé-ìwé ló ń fi ránṣẹ́ sí mi."

Akínwùmí ń to agolo sàdíìnì.

"Kò sí ibì kan tí mo ti lè gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹnu Bàbá mọ́, àfi inú ìwé yẹn. Ẹ jẹ́ kí n lọ ṣe ẹ̀dà rẹ̀."

Akínwùmí mú ẹńfílóòpù náà kúrò lápò. Ó ṣí agolo bisikí tí bàbá wọn máa ń kó kọ́kọ́rọ́ sí, ó tẹ́ ìwé náà sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, ó dé e, ó sì fi agolo náà sí àjà òkè tí ọwọ́ Délé kò tó.

"Rárá," ló ní. "Tìẹ wà ní ṣọ́ọ̀ṣì, ọdún 1974. Lọ kà á níbẹ̀."

Délé gbójú sókè, ó ń wo agolo náà, kò sì lè gbé ojú kúrò lára rẹ̀. Akínwùmí mọ ìwò yẹn. Obìnrin kan wọlé, ó ní òun fẹ́ ra ṣúgà. Akínwùmí wọ̀n ọ́n fún un, ó wọ̀n ọ́n pé, ẹyọ kan kò sì dà sílẹ̀.